Ìwé Tí Káàdì Ní Ó Wà, Tí Àtẹ Ní Kò Sí

Ìbéèrè:

"Ẹ̀yin màmá, mo kí i yín o. Oyè másítà ni mò ń ṣe nínú ìmọ̀ ìtàn. Iṣẹ́ mi dá lórí ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ìlú Èkó kọ nípa ọ̀ràn Ọba Èṣùgbàyí Elékòó, láti ọdún 1925 tí ìjọba òyìnbó lé e lọ sí Ọ̀yọ́ títí di 1931 tí ó padà dé. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti ń lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì ńlá kan. Káàdì ìwé ìròyìn Akede Eko wà nínú àpótí kátálọ́ọ̀gì, àmọ́ àtẹ ṣófo. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka máíkírófíìmù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ya ojú ìwé sí, kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà ní káńtà ní 'kò sí lórí àtẹ', ó bá tún kọjú sí fóònù rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti sọ pé bí n kò bá rí nǹkan kà kí oṣù yìí tó parí, kí n wá àkòrí mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ṣé kí n yí i padà ni?"

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, má yí i padà. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùn mí wọra. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí káńtà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka ìwé àtijọ́ ni mo parí rẹ̀ sí. "Kò sí lórí àtẹ" tí wọ́n sọ fún ọ yẹn, èmi náà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé mò ń ṣẹ̀ wọ́n. Gbólóhùn yẹn kò sọ ju pé ẹnì kan wo ojú ibì kan, kò rí ìwé níbẹ̀. Kò sọ pé ìwé náà kò sí láyé. Ohun tí o máa kọ́ báyìí ni ibi tí ìwé máa ń wà nígbà tí kò bá sí níbi tí káàdì ní kó wà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àtẹ yẹn fúnra rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n dì pọ̀ kì í dúró bí ìwé yòókù. Ó ga, ó fẹ̀, ó wúwo. Bí wọ́n bá gbé e nàró, ẹ̀yìn rẹ̀ á ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí àtẹ ọ̀tọ̀ tí wọ́n kàn fún àwọn ìwé gbàǹgbà. Lórí káàdì, lẹ́tà kékeré kan ṣoṣo tó ṣíwájú nọ́ńbà, bíi f tàbí q, ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ẹni tí kò bá kíyè sí i á lọ dúró níwájú àtẹ tí ìwé náà kò dé rí. Padà lọ wo káàdì náà, wo iwájú, wo ẹ̀yìn. Àwọn olùtọ́jú ìwé ayé àtijọ́ fẹ́ràn láti máa fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn káàdì: pé ó ti lọ sílé ìdìwé, pé wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, pé ọdún kan péré ló wà. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ gba ẹnì kan lọ́wọ́ oṣù mẹ́fà.

Bí nọ́ńbà bá tọ̀nà, wo àtẹ méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì, wo òkè àti ìsàlẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wo ẹ̀yìn àwọn ìwé tó wà níwájú, nítorí ìwé máa ń ṣubú sẹ́yìn. Wo orí kẹ̀kẹ́ ìkówèé tó ń dúró lẹ́bàá ògiri. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí àwọn ènìyàn tó pọ̀, ni kí o lọ ṣe èyí. Tí ó bá di ọ̀sán, ìwé ti wà lórí tábìlì káàkiri, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ọ̀kan wà.

Ohun mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kì í mọ̀. Àwọn ilé ìkàwé ńlá kan ti yí ètò nọ́ńbà wọn padà láàárín ọdún. Wọ́n fi ètò kan bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí òmíràn, owó àti ọwọ́ kò sì tó láti tún lẹ́ nọ́ńbà tuntun mọ́ gbogbo ìwé àtijọ́. Káàdì rẹ lè jẹ́ ti ètò tuntun, kí ìwé náà ṣì wà ní yàrá tí ètò àtijọ́ fi í sí. Ìbéèrè tí o máa bi wọ́n nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni àwọn ìwé tí ẹ kò tíì yí nọ́ńbà wọn padà wà?" Bí o bá bi wọ́n báyìí, wọ́n á mọ̀ pé o mọ ohun tí ò ń wá.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń lo ètò Library of Congress ti Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ló ṣe é, ìwé tiwọn ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pín in, kò sì ṣe é retí pé kó pín ọ̀rọ̀ wa bí àwa fúnra wa ì bá ṣe pín in. Èdè Yorùbá wà ní PL8821 sí iwájú díẹ̀. Ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wà ní BL2480. Àlọ́ bọ́ sí GR, orin bọ́ sí ML. Yorùbá kan náà ni, àmọ́ ó lè jẹ́ àjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi kó o sí. Ìwé kan lórí oríkì àwọn ọba Èkó lè wà ní PL, òmíràn tó sọ ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní DT, nítorí pé ojú tí ẹni tó fún un ní nọ́ńbà fi wò ó lọ́jọ́ yẹn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Elékòó tìrẹ, òfin wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà, wọ́n sì tẹ ìdájọ́ rẹ̀ sínú ìwé àkójọ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní Appeal Cases, ti ọdún 1931, láti ojú ewé 662. Ìwé yẹn kò sí nínú ilé ìkàwé gbogbogbòò tí o ti ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ilé ìkàwé ẹ̀ka òfin ló máa ń wà, wọn kì í sì í sábà fi káàdì tiwọn mọ́ ti ilé ńlá. Mo lérò pé o kò tíì dé ibẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ti dá ọ̀pọ̀ olùwádìí padà ju àtẹ tó ṣófo lọ, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sílẹ̀.

Sípẹ́lì tí ìwọ ń lò lónìí, àgbékalẹ̀ àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Àwọn ìwé ìròyìn tí ìwọ ń wá ti kú kí ó tó débẹ̀. Wọ́n ń kọ "aiye", wọ́n ń kọ "enia", wọ́n ń kọ "aiya". Ẹni tó wá ń kọ káàdì rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tún ní tirẹ̀: ṣ di sh, àmì orí àti àmì abẹ́ lọ. Èṣùgbàyí tìrẹ yìí nìkan, wá a ní Eshugbayi, Esugbayi, Eshubayi, wá a lábẹ́ Eleko, wá a lábẹ́ Dosunmu, wá a lábẹ́ Docemo náà, nítorí pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ Dòsùnmú nìyẹn, ìdílé rẹ̀ ni Èṣùgbàyí sì ti wá. Abẹ́òkúta di Abbeokuta nínú ìwé àtijọ́. Ọ̀tà di Ottah. Ọ̀yọ́ di Awyaw lọ́dọ̀ àwọn kan. Ìjẹ̀bú di Jebu, ó sì di Jaboo. Àwa gan-an, Yarriba ni wọ́n pè wá nínú ìwé àwọn tó kọ́kọ́ rìn ilẹ̀ wa já, Aku ni wọ́n ń pè wá ní Sàró, Nagô ní Bràsíl, Lucumí ní Kúbà. Ẹni tó ń wá ìtàn wa nínú àpótí káàdì, tó wá fi "Yorùbá" nìkan wá a, ìdajì ìtàn náà ló fi sílẹ̀.

Orúkọ òǹkọ̀wé náà ń yí. Ẹni tí a mọ̀ sí Mọ́jọlá Àgbébì, D. B. Vincent ni títí di ọdún 1894 tó jù orúkọ òyìnbó nù. Ohun tó tẹ̀ jáde ṣáájú ọdún yẹn, orúkọ Vincent ló wà lórí rẹ̀. Olùtọ́jú ìwé tó mọṣẹ́ á fi káàdì kan sí abẹ́ Vincent tó sọ pé "wo Agbebi". Bí irú káàdì bẹ́ẹ̀ bá sọnù, òǹkọ̀wé kan ti di méjì, ìwọ á sì rí ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní yóò gbà wá kò gbà wá tán. Ó tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lókè, bí ti "Ẹ́", kò ní ẹyọ kan tó dá dúró fún un nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n so pọ̀. Ẹni kan lè tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mìíràn. Lójú tìrẹ ọ̀kan náà ni, lójú ẹ̀rọ méjì ni. Nítorí náà, tí o bá ń wá nǹkan lórí kátálọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́ wá a láìfi àmì kankan sí i. Lẹ́yìn náà, fi àmì abẹ́ nìkan sí i. Lẹ́yìn náà, fi gbogbo àmì sí i. Ìgbà mẹ́ta fún orúkọ kan. Ó ń tánni lókun, mo mọ̀. Àmọ́ mo ti rí ìwé tí ẹnì kan fi ọdún kan wá, tí mo rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí pé mo yọ àmì kúrò lára lẹ́tà "ọ".

Bákan náà ni ìwé ìròyìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀ kò mọ Yorùbá. Ó lè sọ ẹ di c, kó sọ ṣ di s tàbí 5. Bí o bá tẹ "Eleko" tí kò sì mú nǹkan kan wá, má gbà pé kò sí. Ṣí ẹ̀dà náà, kí o fi ojú ara rẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ. Ọdún kẹsàn-án mi lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ kan wá ìwé ìròyìn Èkó kan dé ọ̀dọ̀ wa, ti àárín ọdún 1920 sí 1930. Káàdì wà, àtẹ ṣófo, bí tìrẹ gẹ́lẹ́. A wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá kan tó ń nu eruku orí àtẹ, tí kò ka ìwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló bi mí ní ohun tí à ń wá. Mo sọ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ṣé èyí tó ní àwòrán ọwọ́ lókè ewé àkọ́kọ́ ni? Ó wà nínú ìwé kejì, èyí tí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ pupa." A tẹ̀ lé e. Àwọn tó dì í ti rán ìwé ìròyìn méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba pọ̀ sínú ẹ̀yìn kan, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì tẹ̀ sára rẹ̀. Láti ogún ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìwé kejì ni a ti ń sọ fún pé kò sí lórí àtẹ. Bàbá yẹn ti ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni ti ẹni tó kọjú sí fóònù yẹn. Kò ṣe dáadáa, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Àmọ́ má fi ọjọ́ rẹ bá a jà. Béèrè ẹni tó ti pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé náà, ìbáà jẹ́ olùtọ́jú, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbé ìwé sórí àtẹ. Kí i dáadáa. Kúnlẹ̀ bí o bá bá àgbà. Jẹ́ kí ó mọ orúkọ rẹ àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sọ ohun tí ò ń wá ní èdè Yorùbá, kì í ṣe bí àkòrí iṣẹ́ rẹ ṣe rí lórí ìwé. Sọ pé, "Bàbá, mò ń wá ohun tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n lé ọba Èkó lọ sí Ọ̀yọ́." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rántí bí ìwé náà ṣe rí kó tó rántí nọ́ńbà rẹ̀.

Ká wá dé ibi tí àwọn ẹ̀dà wà gan-an. Ó yẹ kí o mọ bí ìwé ṣe ń wọ inú ilé, nítorí ìyẹn ló ń sọ ohun tó yẹ kí o retí. Ọdún 1950 ni òfin kan jáde pé kí gbogbo ẹni tó bá tẹ ìwé ní Nàìjíríà máa kó ẹ̀dà rẹ̀ wá sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1948. Ohun tó jáde lẹ́yìn 1950, o lè retí rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó jáde ní 1925, kò sí òfin tó gbé e wá. Ẹnì kan ló fi pamọ́ sínú ilé rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tà á tàbí tí wọ́n ta á lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wọ́ rẹ̀ fi ń já. Ẹni yẹn lè má rà á lọ́sẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá.

Àwọn wo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Nínú ọ̀ràn tìrẹ yìí, méjì nínú wọn ló ṣe pàtàkì jù lọ, abẹ́ òrùlé kan náà ni ohun ìní wọn sì wà. Àkọ́kọ́ ni Herbert Macaulay, tó gbé ọ̀ràn Elékòó lérí títí wọ́n fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1928 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde. Ó kú ní 1946. Àwọn ìwé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ohun tó gé pamọ́ wà ní Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, ní ẹ̀ka ìwé àfọwọ́kọ. Èkejì ni Henry Carr, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, tí Macaulay kọ ìwé kékeré kan tako ní 1924 pé kó máa lọ. Carr kú ní 1945, ìjọba ra ilé ìkàwé rẹ̀, ó sì di ara ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Ìbàdàn. Àwọn méjì tí kò lè jókòó nínú yàrá kan nígbà ayé wọn, ìwé wọn ti ń jókòó pọ̀ láti àádọ́rin ọdún ó lé. Nígbàkúùgbà tí mo bá ronú kàn án, orí mi máa ń wú. Má sì wá Akede Eko nìkan níbẹ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi atọ́ka ìwé Macaulay hàn ọ́, kí o wá ọ̀rọ̀ Elékòó, kí o sì ka àgékù ìwé ìròyìn tó bá wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Àgékù kì í ní káàdì tirẹ̀. Kátálọ́ọ̀gì kò lè sọ fún ọ pé ó wà.

Nínú ọgbà yunifásítì kan náà, bí o bá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, wàá dé Ilé Àkójọ Àkọsílẹ̀ Ìjọba, National Archives, tí Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé yẹn, bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Fáìlì ni wọ́n ní níbẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì wà. Àmì tí o máa béèrè ni CSO 26 fún ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba, ComCol 1 fún kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso Èkó, àti Oyo Prof fún ìgbà tí ọba wà ní Ọ̀yọ́. Ìjọba tó lé ọba kan kúrò nílùú máa ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀. Wọ́n máa ń gé e, wọ́n á ní kí akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á so ó mọ́ fáìlì. Àtúmọ̀ tí akọ̀wé ìjọba ṣe fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí o lè kọ orí kan lé lórí: kí ló sọ, kí ló fò? Mú lẹ́tà tó sọ irú ẹni tí o jẹ́ láti ẹ̀ka rẹ lọ́wọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀gá ẹ̀ka tó rìnrìn àjò má baà tún dá ọ dúró nígbà tí o bá dé ilé kejì.

Má gbàgbé Ìbàdàn fúnra rẹ̀. The Yoruba News ti D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1924. Ìwọ kọ "ìwé ìròyìn ìlú Èkó" sínú àkòrí rẹ, mo mọ̀, àmọ́ Ọ̀yọ́ ni ọba wà fún ọdún mẹ́fà, Ìbàdàn ló sì sún mọ́ Ọ̀yọ́. Ní Èkó, wá Eko Akete ti Deniga, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, àti Eleti Ofe ti Akíntàn, tó tẹ̀ lé e ní 1923. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré lọ bá Akede Eko ti I. B. Thomas nítorí ìtàn àròsọ Sẹ̀gilọlá tó jáde nínú rẹ̀ láàárín 1929 sí 1930. Ọ̀wọ́ tí gbogbo ọwọ́ bá ń kàn ni ó ń kọ́kọ́ ya. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjì tó kù wà ní àlàáfíà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ̀dà wà lókè òkun. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́. Ilé tí wọ́n ń kó wọn sí ní Colindale ti pa dé láti 2013, Boston Spa ni wọ́n kó wọn lọ, nítorí náà má tẹ̀ lé ìwé tó bá ṣì ń darí ọ sí Colindale. Àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà: ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu kọ̀ǹpútà wọn, oṣù mélòó kan ló sì kọjá kí kátálọ́ọ̀gì wọn tó padà. Ní Kew, níbi tí ilé àkójọ àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, lẹ́tà gómìnà Nàìjíríà sí Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ àmì CO 583. Ní Chicago, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé kan tí wọ́n ń pè ní CAMP ti ń fi máíkírófíìmù ya ìwé ìròyìn Áfíríkà láti 1963. Ilé ìkàwé ni ẹgbẹ́ yẹn ń bá ṣe. Ní kí olùtọ́jú ilé ìkàwé tìrẹ kọ̀wé fún ọ, tàbí kí o wá ọ̀rẹ́ kan tó ń kàwé ní yunifásítì Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kó béèrè róòlù náà lórúkọ ara rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ máíkírófíìmù tó kọ̀ yẹn, béèrè bóyá gílóòbù rẹ̀ ló jó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Gílóòbù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n á sì máa dúró kí ìwé ìbéèrè kọjá ọ́fíìsì mẹ́rin kí wọ́n tó rà á. Ẹ̀ka mìíràn nínú yunifásítì kan náà lè ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Bí wọ́n bá gbà, o lè fi fóònù ya fọ́tò fíìmù náà lórí gíláàsì tí iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé kà. Mo ti ṣe é.

Jọ́nà, ìyẹn ìwé àwọn onímọ̀ tó ń jáde lóòrèkóòrè, lè já ọ kulẹ̀ náà. Tí o bá lọ síbi àtẹ jọ́nà, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀wọ́ tó pé títí di àárín ọdún 1980, lẹ́yìn náà ó já. Ọdún 1986 ni SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, dé, náírà wó, ìwé tí a ń fi pọ́n-ùn àti dọ́là sanwó fún sì di ohun tí yunifásítì kò lè rà mọ́. Àwọn jọ́nà yẹn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Béèrè nọ́ńbà ìwọlé tí ilé ìkàwé rẹ san owó fún. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mọ̀ pé wọ́n ti sanwó.

Ohunkóhun tí o bá dà kọ, fi í sí ibi méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Sámúẹ́lì Johnson parí ní 1897, ẹ̀dà ọwọ́ tó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù síbẹ̀. Sámúẹ́lì kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì di ọdún 1921 kó tó jáde. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ yẹn nílé ńkọ́?

Ó ku ohun kan tó máa ń mú omi bọ́ lójú mi. Wàá ṣí ìwé ìròyìn kan lọ́jọ́ kan, wàá rí i pé wọ́n ti fi abẹ gé ojú ewé tí o ń wá kúrò, etí rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Kì í ṣe kòkòrò, kì í ṣe ikán. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni, tàbí olùkọ́, tó rò pé òun nìkan ni yóò kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti mú ẹni mẹ́ta nínú irú wọn nígbà iṣẹ́ mi. Ẹnì kan nínú wọn sọ fún mi pé kò sí owó fọ́tòkópì lọ́wọ́ òun. Ojú ewé kan ṣoṣo tó kù láyé, owó fọ́tòkópì kan. Bí o bá bá irú rẹ̀ pàdé, má sunkún kí o sì kọjá. Kọ orúkọ ìwé ìròyìn, ọjọ́ rẹ̀ àti ojú ewé tó sọnù sílẹ̀, kí o fún olùtọ́jú, kí ó wá ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn kí ẹ̀dà yẹn náà tó lọ.

Ọ̀gá rẹ ní kí o rí nǹkan kà kí oṣù tó parí. Mú ìwé kan. Fa ìlà sí i. Ní apá òsì, kọ orúkọ ìwé ìròyìn mẹ́rin tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn àti ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó fi jáde láàárín 1925 sí 1931. Ní apá ọ̀tún, kọ ilé tí o wá a dé, ọjọ́ tí o débẹ̀, ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, ohun tí o rí àti ohun tí o kò rí. Ọjọ́ Ajé, Kenneth Dike, ẹ̀ka ìwé àfọwọ́kọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, National Archives. Ọjọ́rú, ilé ìkàwé ẹ̀ka òfin, Appeal Cases 1931. Gbé ìwé yẹn lọ fún ọ̀gá rẹ, bí ihò tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Kò tíì sí ọ̀gá tó mọ ìwádìí tó rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá àkòrí mìíràn. Kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ kan sílẹ̀ fún bàbá tàbí ìyá tó bá ràn ọ́ lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé tí o kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì Akede Eko.